Láti Bánkì sí Iṣẹ́ Dátà, Nígbà Tí Ẹnu Mẹ́fà Ń Retí Owó Oṣù Kan

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní bánkì kan ní Àbújá. Iṣẹ́ reconciliation ni mò ń ṣe, ìyẹn ni pé a máa ń fi àkọsílẹ̀ tiwa wé ti àwọn bánkì yòókù láti mọ owó tó sọnù sọ́nà. Kubwa ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbé. Mò ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ọ̀fà lóṣooṣù, èmi náà ni mo sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì. Iṣẹ́ dátà ló wù mí báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ náà fún oṣù 6, pé lẹ́yìn náà n ó rí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń san dọ́là. Ọkàn mi fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n jókòó síbi tí mo wà?”

Mo ka lẹ́tà yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìbéèrè méjì ni ẹ so pọ̀. Èkíní ni bóyá ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ owó bọ̀ láti ọdún 9 lè di òṣìṣẹ́ dátà tó mọṣẹ́. Èkejì ni bóyá ilé tí ẹnu mẹ́fà, yàtọ̀ sí tiyín, ti ń jẹun nínú owó oṣù kan ṣoṣo lè dúró bí owó oṣù náà bá dáwọ́ dúró. Ọ̀rẹ́ yín dáhùn èkíní, ó sì rò pé òun ti dáhùn èkejì. Ìdáhùn tèmi sí èkíní ni bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè ṣe é. Sí èkejì, bí mo ti rí ọ̀rọ̀ yín nínú lẹ́tà, ilé yín kò tíì lè gbà á, nítorí náà ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ yí iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ń ṣe padà ná, kí ẹ tó yí ibi tí ẹ ti ń ṣe é padà.

Ohun tí ojú mi rí ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 11 ni mo fi ṣe oníṣirò owó ní ọ́fíìsì kan ní Garki kí n tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 2016, ọdún tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀. Mo ti tọ́jú owó tí mo rò pé yóò gbé wa fún oṣù 6, kò sì gbé wa dé oṣù kẹrin. Mi ò ná ìnákúnàá. Àwọn ohun tí mi ò kọ sínú ìwé ìnáwó mi ni wọ́n dìde sí mi: owó ilé tí a ń san lọ́dọọdún bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ìyókù ẹ̀yáwó tí mo gbà níbi iṣẹ́ kúrò nínú owó tó yẹ kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí mò ń lọ, àdéhùn iṣẹ́ ọkọ mi náà sì parí lásìkò yẹn kan náà, wọn kò sì tún un ṣe. Mo rántí Ọjọ́bọ̀ kan tí mo gbé ọmọ mi kejì tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sí ilé ìwòsàn tí a ti ń lọ láti ọdún pípẹ́. Mo na káàdì HMO wa, káàdì ìlera tí ibi iṣẹ́ ń san owó rẹ̀, sí ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò mí, ó sì rọra dá káàdì náà padà fún mi. Orúkọ wa ti kúrò nínú ìwé láti òpin oṣù tó ṣáájú. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń bá àwọn oníṣòwò ní ọjà Wuse kọ ìwé owó wọn kí a tó mí dáadáa, òru ni mo sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo torí rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀. Òru kan náà yẹn wà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń gba owó oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ kan tó lọ́jú pọ̀. “Iṣẹ́ dátà” kì í ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti fa àkọsílẹ̀ láti oríṣiríṣi ibi, kí ó tò wọ́n sí ibi kan tí kò ní bàjẹ́. Òun ni wọ́n ń pè ní data engineer. Data analyst ni ẹni tó ń bi àkọsílẹ̀ náà ní ìbéèrè, tó sì ń gbé ìdáhùn rẹ̀ lọ síwájú ọ̀gá tí yóò fi pinnu nǹkan. Ẹnì kẹta, data scientist, ń fi ìṣirò jinlẹ̀ díwọ̀n ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lọ́la. Bí a bá fi omi ṣe àpèjúwe, ọ̀kan ń la ojú odò, ọ̀kan ń pọn ọ́n wálé, ọ̀kan ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò yóò rọ̀. Àwọn fídíò tó ń ṣèlérí dọ́là sábà máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹni tó sì ń wò wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà títí àárẹ̀ á fi mú un. Fún ẹni tó ti iṣẹ́ owó wá, ìlẹ̀kùn analyst ló súnmọ́ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé èyí fún ìyá yín ní Ọ̀fà pẹ̀lú, nítorí dátà tí a ń rà sórí fóònù nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí wa mọ orúkọ náà mọ́, ẹ kò sì fẹ́ kí wọ́n máa gbàdúrà lórí ohun tí kò yé wọn.

Àṣìṣe kan tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹ ti wà nínú iṣẹ́ náà láti ọdún 9. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì yín láràárọ̀: fáìlì kan wá láti ọ̀dọ̀ bánkì yín, òmíràn wá láti ọ̀dọ̀ bánkì mìíràn, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ìlà tó bá ìlà mu. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá owó tí a fi ránṣẹ́ láti bánkì kan sí òmíràn mọ̀ lórí ẹ̀rọ NIBSS jẹ́ díjíìtì 30, bẹ́ẹ̀ Excel kì í lè di ju 15 mú nínú nọ́ńbà kan. Bí ẹ bá ṣí fáìlì náà láìkọ́kọ́ sọ fún Excel pé ọ̀rọ̀ ni kó ka ìlà yẹn sí, gbogbo díjíìtì tó kù ni yóò sọ di òdo, owó méjì tí kò bára tan á sì dà bí ìbejì. Nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ díjíìtì 10 náà ń kọ́? Èyí tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀ máa ń sọ òdo rẹ̀ nù, á sì di 9. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti sùn sí ọ́fíìsì lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ dátà àkọ́kọ́ tí mo rí gbà, orúkọ àwọn ìyá tí ètò ìrànwọ́ kan fẹ́ fún lówó ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ni wọ́n kó fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ wà níbẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ́ pa gbogbo ẹni tí nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ jẹ́ díjíìtì 9 rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ayédèrú. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró, kí a dá òdo padà síwájú rẹ̀ ká tún wò ó. Bákan náà ni Muhammad, Mohammed àti Muhammadu lè jẹ́ orúkọ ọkọ obìnrin kan ṣoṣo, tí akọ̀wé mẹ́ta kọ ní ọ̀nà mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí kí wọ́n tó pa ohunkóhun rẹ́.

Kí ló dé tí ọkàn yín kò fi balẹ̀ níbi tí ẹ wà? Mo rò pé ẹ ti ń gbọ́ òórùn ohun tó ń bọ̀, òótọ́ sì ni. Iṣẹ́ fífi fáìlì wéra tí ẹni mẹ́ta ń fi ọjọ́ méjì ṣe, ìlà díẹ̀ nínú èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní SQL lè ṣe é kí kọfí tó tutù, kò sì sí bánkì tí yóò máa san owó oṣù mẹ́ta fún un títí láé. Ní oṣù kẹta 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tún pàṣẹ pé kí bánkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní owó ìdókòwò ₦500 bílíọ̀nù, kí èyí tó ń ṣòwò káàkiri orílẹ̀-èdè ní ₦200 bílíọ̀nù, wọ́n sì fi 31 oṣù kẹta 2026 ṣe gbèdéke. Bí bánkì méjì bá sì di ọ̀kan, ẹ̀ka reconciliation méjì kì í pẹ́ di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà tó ń pa ìlẹ̀kùn kan dé ló ń ṣí òmíràn nínú ilé kan náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2018 tí ìlànà ìṣirò owó IFRS 9 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bánkì gbọ́dọ̀ máa díwọ̀n ẹ̀yáwó tó ṣeé ṣe kó bàjẹ́ kó tó bàjẹ́, wọn kò sì lè fi ojú lásán ṣe é. Ẹ̀ka tó ń wọn ewu ẹ̀yáwó, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ jìbìtì, ẹ̀ka tó ń kó ìròyìn jọ fún àwọn ọ̀gá àgbà, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó mọ owó tó sì mọ dátà. Ẹ lè béèrè fún ìṣípòpadà lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Owó oṣù kò ní dáwọ́ dúró, káàdì HMO kò ní kú, iṣẹ́ yóò sì ti yí padà. Ìlẹ̀kùn yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kàn kọ́kọ́, nítorí kò sí ẹnì kankan tó sọ fún èmi nígbà tèmi pé ó wà.

Ní ti ẹ̀kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Excel tí ẹ rò pé ẹ ti mọ̀: ẹ kọ́ Power Query, irinṣẹ́ inú rẹ̀ tó ń fa fáìlì wọlé tó sì ń tún wọn tò, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ọjọ́ kan yóò di ti wákàtí kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni SQL, èdè tí a fi ń bi àkójọ àkọsílẹ̀ ní ìbéèrè. Láti àárín 1970 sí 1980 ni wọ́n ti ṣe é, àwọn bánkì ṣì ń lò ó dòní, nítorí náà ẹ̀kọ́ tí kì í tètè gbó ni. Lẹ́yìn SQL kí ẹ lọ sí Power BI, tí a fi ń sọ dátà di àwòrán àti ìròyìn, kí Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, wá gbẹ̀yìn. Power BI Desktop kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí ẹ bá lọ sí Banex, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Wuse, lọ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù, ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ má sì gba èyí tí RAM rẹ̀ kò tó 8GB. Nípa àkókò, mo mọ bí ọ̀nà Kubwa sí Wuse ti rí láàárọ̀, mi ò sì ní tàn yín pé ẹ lè fi wákàtí mẹ́ta kẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́. Wákàtí kan lójúmọ́ láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè, wákàtí mẹ́rin ní Sátidé kí àwọn ọmọ tó jí tán, ìyẹn ni 9 lọ́sẹ̀, bí 450 láàárín ọdún kan bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sinmi. Ó tó láti di analyst tó ṣeé gbà síṣẹ́. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ní ẹ̀kọ́ dátà nínú láìgba owó, ẹ lè wò ó, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí nìkan kì í gba iṣẹ́. Ohun tí ẹ ti ṣe tí ẹnì kan lè rí ló ń gbà á. Ìkìlọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ pẹ̀lú ọwọ́ líle nìyí: ẹ má ṣe gbé àkọsílẹ̀ oníbàárà bánkì lọ sílé láti fi kọ́ṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 dúró lórí rẹ̀, bánkì yín sì lè lé yín nítorí ẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ tí National Bureau of Statistics ń gbé jáde fún gbogbo ènìyàn tó fún ìdánrawò.

Mo wá dé ọ̀rọ̀ dọ́là. Òótọ́ ni pé àwọn ará Nàìjíríà kan wà tó ń jókòó sílé tí ilé iṣẹ́ òkè òkun ń sanwó fún, mo mọ díẹ̀ nínú wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí mo mọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọdún mélòó kan ṣiṣẹ́ níbí kí òkè òkun tó pè wọ́n. Iṣẹ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ tún ń dín kù báyìí, nítorí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n bíi ChatGPT lè kọ SQL tí akẹ́kọ̀ọ́ fi oṣù 3 kọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kó mọ̀ pé èsì tó gbé jáde kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní bánkì mu, ibẹ̀ sì ni ọdún 9 yín ti ní iye. Ní Àbújá níbí, apá púpọ̀ nínú iṣẹ́ dátà wà ní ọwọ́ àwọn àjọ tó ń ṣètò ìlera, oúnjẹ àti ìrànwọ́ fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní ìlà oòrùn àríwá. Iṣẹ́ tó ní ìtumọ̀ ni, mo ṣe é pẹ̀lú ayọ̀. Àmọ́ àdéhùn ọdún kan ọdún kan ni, owó rẹ̀ sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti USAID, àjọ ìrànwọ́ wọn fún òkè òkun, pa ní 2025, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó mọṣẹ́ wọn dunjú wà nílé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣòwò owó, Èkó ni púpọ̀ wọn wà. Ẹ tún fi sọ́kàn pé owó tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú analyst tuntun lè kéré sí èyí tí ẹ ń gbà lẹ́yìn ọdún 9. Ó máa ń gòkè lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kì í dúró dè é.

Nítorí náà, ìwé ìnáwó ilé ni ká ṣí. Bí ẹ bá gba ẹ̀yáwó gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, ẹ wá iye tó kù lórí rẹ̀, kí ẹ sì ka ìwé àdéhùn rẹ̀, nítorí ní ọ̀pọ̀ bánkì, ọjọ́ tí ẹ bá kúrò ni èlé kékeré tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yóò dópin. Ẹ wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín pẹ̀lú, bóyá ẹ ṣe onídùúró fún ẹnì kan níbẹ̀. Àwọn kan ń gbọ́kàn lé owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì 2014, ẹni tí kò tíì pé ọdún 50 tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gba ohun tí kò ju ìdá mẹ́rin kan nínú àkójọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti wà láìníṣẹ́ fún oṣù 4. Oṣù mẹ́rin yẹn gan-an ni ebi ń wọlé. Ẹ má fi owó yẹn ṣètò oúnjẹ. Ohun tí mo ń gba àwọn tó bá bi mí níyànjú ni pé kí wọ́n fi ara dán an wò: ẹ wá iye tí wọ́n ń fún analyst tuntun ní Àbújá lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á, kì í ṣe lórí fídíò, kí gbogbo ilé yín gbé lórí iye yẹn nìkan fún oṣù 3, kí ẹ sì ti ìyókù mọ́ àkáǹtì tí káàdì kò sí fún. Bí oṣù kẹta bá parí láìsí pé ẹ jí nínú owó náà, ẹ ti mọ̀ pé ilé lè gbà á, ẹ sì ti ní owó tó ń dúró dè yín. Bí ẹ bá jí nínú rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ìyẹn náà, kò sì ná yín ní iṣẹ́.

Ìyàwó yín gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yìí láti ọjọ́ kìíní. Ẹ kò sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, àbí bóyá ó ti mọ̀ pé ẹ kọ lẹ́tà sí mi, èmi kò sì lè fi owó tí mi ò mọ̀ kún un. Bí owó bá ń wọlé lọ́wọ́ tirẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti sọ lè yá ju bí mo ti sọ ọ́ lọ. Ní ti àbúrò yín, ẹ bi í ní ọdún tí yóò parí, nítorí ó lè mọ́gbọ́n dání kí ẹ sún ìgbésẹ̀ ńlá síwájú títí yóò fi jáde. Ẹ má sì ka ọdún yunifásítì bí ẹni ka oṣù lórí kàlẹ́ńdà: ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù 8 gbáko. Owó ìyá yín ni mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Bí ó bá di dandan kó dín kù, ẹ pè wọ́n kí ẹ sọ ọ́ fún wọn ṣáájú, kí ó má ṣe jẹ́ pé òpin oṣù ni yóò sọ fún wọn.

Àwọn kan wà tí mo máa sọ fún pé kí wọ́n lọ lónìí: ẹni tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó ní iye owó àti ọjọ́ nínú ti tẹ̀ lọ́wọ́, àti ẹni tí iṣẹ́ tó ń ṣe ti ń ba ìlera rẹ̀ jẹ́. Mi ò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì nínú lẹ́tà yín. Ó sì tún ṣeé ṣe kí iṣẹ́ dátà má bá yín lára mu. Ọ̀pọ̀ wákàtí rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère tó wà nínú fídíò. Fáìlì tó dọ̀tí ni ẹ ó máa fọ̀, ẹ ó máa wá ibi tí òdo ti sọnù, ẹ ó máa pe ẹni tó kọ nǹkan náà láti bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Bí Sátidé 12 bá kọjá tí èyí ṣì ń sú yín, ẹ ti rí èsì, iṣẹ́ yín sì wà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá sì ń dùn mọ́ yín tí ẹ kò mọ̀ pé àwọn ọmọ ti jí, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti ń yanjú. Ọdún 34 kò pẹ́ jù rárá. Èmi lé díẹ̀ sí 40 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó ra ẹ̀kọ́ kankan, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ ní bánkì yín láti mọ iye tó kù lórí ẹ̀yáwó tí ẹ bá gbà àti ohun tí èlé rẹ̀ yóò dà bí ẹ bá ṣípò padà tàbí bí ẹ bá kúrò. Ẹ kò nílò láti sọ ìdí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ gbèsè rẹ̀. Nígbà tí iye náà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín jókòó tì í, kí ẹ sì tún kọ̀wé sí mi, ká jọ ṣírò oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.